Láti inú ìkòkò ọbẹ̀ dé inú ẹ̀rọ tó ń tẹ ẹran ara: ìtàn jẹ́lì inú òkun, àti ìdí tí ẹ kò fi gbọ́dọ̀ ta ilẹ̀ nítorí rẹ̀

Èmi nọ́ọ̀sì yín náà ni. Ọ̀rọ̀ òní gùn díẹ̀, ẹ jọ̀ọ́. Ẹni tí ojú rẹ̀ kò bá gbé lẹ́tà kékeré mọ́, kí ó ní kí ọmọ kà á sí òun létí.

Ohun tó fà á nìyí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ìyá kan nínú ẹgbẹ́ wa fi ohùn ránṣẹ́ sí mi. Kíndìnrín àbúrò wọn ọkùnrin ti bàjẹ́, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ni wọ́n ń bá a fọ ẹ̀jẹ̀. Ẹnì kan wá bá wọn pé ní òkè òkun, wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ tẹ kíndìnrín tuntun jáde bí ẹni tẹ ìwé. Ó ní jẹ́lì tó ti inú òkun wá ni wọ́n fi ń tẹ̀ ẹ́, kí wọ́n tètè san owó àsansílẹ̀ kí orúkọ àbúrò wọn lè wọ ìwé. Ìyá yìí ní àwọn ti ń wá ẹni tí yóò ra ilẹ̀ tí bàbá wọn fi sílẹ̀. Wọ́n wá bi mí pé, "Nọ́ọ̀sì, ṣé òótọ́ ni àbí irọ́?"

Mi ò lè fi ẹyọ ọ̀rọ̀ kan dá wọn lóhùn, torí pé irọ́ tó ń pani jù ni èyí tí wọ́n pò mọ́ òótọ́. Ẹ̀rọ náà wà. Jẹ́lì náà wà. Ìtàn rẹ̀ sì dùn ún gbọ́, obìnrin bíi tiwa sì wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n kíndìnrín yẹn kò sí. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, kí ẹ lè fi ojú ara yín rí ibi tí òótọ́ parí sí tí irọ́ ti bẹ̀rẹ̀.

*1. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wọ ilé ìdáná wa*

Ẹ̀yin tí ẹ ti po ẹ̀kọ rí, ẹ mọ̀ pé nígbà tí ó bá kúrò lórí iná, ṣe ló ń ṣàn. A ó pọ́n ọn sínú ewé, a ó gbé e sílẹ̀. Bí ó bá tutù, ó ti dì, a lè bó ewé kúrò lára rẹ̀, yóò sì dúró gbọnyin. Omi tó wà nínú rẹ̀ kò lọ síbì kankan. Inú rẹ̀ ló ṣì wà. Ohun kan ló dì í mú.

Ẹ tún wo ilá, ẹ wo ewédú, ẹ wo àpọ̀n. Kí ló ń mú wọn fà? Ìdílé kan náà ni ohun tó ń mú wọn fà àti ohun tó ń mú ẹ̀kọ dì. Ṣúgà ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe ṣúgà tí ẹ ń bù sí tíì. Ẹyọ ṣúgà tí a sín pọ̀ ni, bí ẹni sín ìlẹ̀kẹ̀ ìdí, ọgọ́rọ̀ọ̀rún tàbí ẹgbẹẹgbẹ̀rún lórí okùn kan. Nígbà tí ṣúgà bá ti di ìlẹ̀kẹ̀ gígùn báyìí, kì í dùn mọ́. Iṣẹ́ mìíràn ló ń ṣe: ó ń mú omi dání.

Ẹ di gbólóhùn yẹn mú, ó ń mú omi dání. Èyí tó pọ̀ jù nínú ẹran ara wa, omi ni. Sẹ́ẹ̀lì, ìyẹn àwọn ẹyọ kéékèèké tí ẹran ara pín sí, kò lè gbé ibi gbígbẹ. Ẹni tó bá fẹ́ tọ́jú sẹ́ẹ̀lì níta ara ní láti wá ilé tó kún fún omi fún un, àmọ́ ilé náà kò gbọ́dọ̀ ṣàn lọ. Láti nǹkan bí ogóje ọdún sẹ́yìn ni àwọn onímọ̀ ti ń wá ilé náà. Ibi tí wọ́n ti kọ́kọ́ rí i ni inú ìkòkò oúnjẹ.

*2. Fanny Hesse, obìnrin tí wọn ò dárúkọ rẹ̀*

Ní ọdún 1850 ni wọ́n bí Fanny sí ìlú New York ní Amẹ́ríkà. Ní ọdún 1874 ó fẹ́ dókítà ọmọ Jámánì kan, Walther Hesse, ó sì bá ọkọ rẹ̀ lọ sí Jámánì. Fanny máa ń ran ọkọ lọ́wọ́ nínú iṣẹ́ ìwádìí, ó sì mọ àwòrán yà. Òun ló ń ya ohun tí ọkọ rẹ̀ bá rí nínú ẹ̀rọ awò.

Nígbà tó di ọdún 1881, Walther lọ ṣiṣẹ́ ní Berlin lọ́dọ̀ Robert Koch, ọ̀gá nínú ìmọ̀ kòkòrò àìsàn. Ìṣòro kan ń dà wọ́n láàmú níbẹ̀. Kí wọ́n tó lè mọ kòkòrò tó ń fa àìsàn kan, wọ́n gbọ́dọ̀ sìn ín lórí nǹkan, bí ẹni gbin ẹ̀gúsí sórí ebè. Jẹlatíìnì ni wọ́n ń lò. Ẹ̀yin náà mọ jẹlatíìnì: omi ẹsẹ̀ màlúù tí ẹ bá sè tí ẹ gbé sílẹ̀ di àárọ̀, tó wá dì lójú ìkòkò, òun náà ni. Ẹ sì mọ ohun tí í ṣe bí ooru bá kàn án. Yíyọ́ ni. Lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn Jámánì, gbogbo ebè àwọn dókítà wọ̀nyí yọ́, ó di omi. Àwọn kòkòrò mìíràn sì tún ń jẹ jẹlatíìnì náà fúnra wọn.

Walther ṣàkíyèsí pé jẹ́lì tí ìyàwó òun máa ń ṣe fún àwọn nílé kì í yọ́ nínú ooru. Ó bi í léèrè. Fanny sọ fún un pé agar ni òun ń lò. Inú koríko òkun pupa ni wọ́n ti ń yọ ọ́, aládùúgbò wọn kan ní New York tó ti gbé erékùṣù Java rí ló kọ́ òun. Àwọn ará Éṣíà ti ń fi í ṣe oúnjẹ tipẹ́tipẹ́.

Wọ́n gbìyànjú rẹ̀ wò, ó sì ṣiṣẹ́. Agar gbọ́dọ̀ sún mọ́ ìwọ̀n ooru omi híhó kí ó tó yọ́, ṣùgbọ́n ní ìwọ̀n ooru ara ènìyàn, dídì ló ń dì gbọnyin. Kòkòrò àìsàn tó sì lè jẹ ẹ́ kò pọ̀. Ní ọdún 1882, Koch kéde pé òun ti rí kòkòrò tó ń fa ikọ́ ẹ̀gbẹ, TB tí gbogbo wa mọ̀. Nínú ìwé tó kọ nípa rẹ̀, ó mẹ́nu ba agar. Kò mẹ́nu ba Fanny, kò sì mẹ́nu ba Walther.

Di òní olónìí, bí dókítà bá ní kí ẹ lọ ṣe àyẹ̀wò ìtọ̀ tàbí egbò láti mọ irú kòkòrò tó wà níbẹ̀, orí agar ni wọ́n yóò sìn ín sí. Mo ń sọ èyí fún yín torí pé nílé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì, wọ́n kọ́ wa ní orúkọ Koch. Ó pẹ́ kí n tó mọ orúkọ Fanny. Ọdún 1934 ni obìnrin náà kú.

*3. Stanford àti koríko tí wọ́n ń dáná sun*

Ní ọdún 1881 yìí kan náà, oríṣi ìlẹ̀kẹ̀ ṣúgà mìíràn jáde láti inú òkun, ní Skọ́tláǹdì. Òun ni baba ìtàn wa òní.

Àwọn tálákà etí òkun Skọ́tláǹdì ti ń kó koríko òkun jọ tipẹ́, wọ́n ń sun ún, wọ́n sì ń ta eérú rẹ̀ fún àwọn tó ń ṣe ọṣẹ àti díńgí. Ẹ̀yin tí ẹ mọ bí a ṣe ń fi eérú ṣe ọṣẹ dúdú, ẹ mọ irú iṣẹ́ náà. Ní ọdún 1811, ọmọ Faransé kan tó ń jẹ́ Bernard Courtois rí áyódíìnì nínú eérú koríko òkun. Áyódíìnì yìí ni oògùn aláwọ̀ ilẹ̀ tí a fi ń pa kòkòrò ara awọ, òun náà ni wọ́n ń fi sí iyọ̀ yín kí gẹ̀gẹ̀ má baà yọ.

Edward Stanford jẹ́ onímọ̀ nípa oògùn àti kẹ́míkà. Ó wo gbogbo iná tí wọ́n ń dá, ó sì rí i pé ohun rere púpọ̀ ń bá èéfín lọ. Dípò kó sun koríko náà, ó rẹ ẹ́ sínú omi tó ní èròjà bíi ti káún. Ohun tó jáde ń yọ̀, ó sì ń fà bí ilá. Stanford pè é ní algin. Lónìí, alginate ni wọ́n ń pè é.

Alginate ní ìwà kan tí ẹ̀kọ kò ní, tí agar náà kò ní. Ẹ̀kọ àti agar gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbóná, kí wọ́n tó tutù kí wọ́n sì dì. Ti alginate kò rí bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá kán ẹ̀kán rẹ̀ kan sínú omi tó ní kálísíọ̀mù, èròjà tó wà nínú egungun wa àti nínú wàrà, ojú ẹsẹ̀ ló ń dì, láìsí iná, láìsí oró kankan. Kálísíọ̀mù ló ń wọ àárín okùn ìlẹ̀kẹ̀ méjì tó ń so wọ́n pọ̀, bí ẹni fi ìjàrá di ẹrù igi.

Ẹ má ṣe gbàgbé èyí, torí pé ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà. Iná ń pa sẹ́ẹ̀lì. Kẹ́míkà líle ń pa sẹ́ẹ̀lì. Ohun tó lè dì láìsí iná àti láìsí kẹ́míkà líle nìkan ló lè gba sẹ́ẹ̀lì mọ́ra láàyè.

Àwọn àgbà wa tó ti lọ ṣe eyín àtọwọ́dá rí ti gé alginate jẹ. Nǹkan rírọ̀ tí wọ́n ní kí ẹ fi eyín tẹ̀, tó dì ní ẹnu yín láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ kí wọ́n tó fà á yọ, alginate ni. Ó wà nínú áìsìkirimù. Ó tún wà nínú Gaviscon tí ẹ ń mu nígbà tí àyà bá ń ta yín lẹ́yìn oúnjẹ.

*4. Bó ṣe dé ojú egbò*

Láàárín ọdún 1940 sí 1950, àwọn dókítà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi okùn alginate wé egbò. Bí okùn náà bá kan omi ara egbò, yóò di jẹ́lì, yóò sì fa omi tó pọ̀ jù mọ́ra. Kálísíọ̀mù inú rẹ̀ sì ń ran ẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́ láti dì.

Nígbà náà, gbogbo ènìyàn gbà pé egbò gbọ́dọ̀ gbẹ kí ó tó jiná. Ní ọdún 1962, George Winter ní London fi ara ẹlẹ́dẹ̀ ṣe ìwádìí. Ó fi ọ̀rá bo egbò kan kí ó lè máa tutù, ó sì fi ìkejì sílẹ̀ kí atẹ́gùn gbẹ ẹ́. Awọ tuntun bo èyí tó tutù ní ìlọ́po méjì bí ó ṣe yá tó lójú èyí tó gbẹ.

Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ nǹkan kan. Nígbà tí mo ṣì ń kọ́ṣẹ́, ní ilé ìwòsàn kan, bàbá àgbàlagbà kan wà tí ìtọ̀ ṣúgà dá egbò sí lẹ́sẹ̀. Àràárọ̀ ni mo ń wé e ní gọ́ọ̀sì gbígbẹ. Bí ilẹ̀ bá mọ́, gọ́ọ̀sì náà á ti lẹ̀ mọ́ ẹran, èmi á sì fà á ya. Bàbá á máa sunkún bí ọmọdé. Wọ́n ní kò sí wàhálà, bí a ṣe ń fọ egbò nìyẹn. Awọ tuntun tó yọ lóru ni mò ń fi ọwọ́ ara mi bó ní àràárọ̀. Ó ti lé lógójì ọdún tí Winter ti kọ ìwé rẹ̀ nígbà náà, ìwé náà kò tíì dé wọ́ọ̀dù wa. Igbe bàbá yẹn ni mo ṣe ń kọ irú ọ̀rọ̀ báyìí sí yín. Ìmọ̀ tí kò bá dé ọ̀dọ̀ ẹni tó nílò rẹ̀, bí ẹni pé kò sí ni.

*5. Bí sẹ́ẹ̀lì ṣe wọ inú jẹ́lì*

Ní ọdún 1980, onímọ̀ méjì, Franklin Lim àti Anthony Sun, ṣe ohun ìyanu. Wọ́n mú àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń pèsè ínsúlíìnì láti ara eku, wọ́n pò wọ́n mọ́ alginate, wọ́n sì ń kán an sínú omi kálísíọ̀mù. Ẹ̀kán kọ̀ọ̀kan dì bí ẹyin ẹja, sẹ́ẹ̀lì sì wà láàyè nínú rẹ̀. Wọ́n fi wọ́n sára eku tó ní ìtọ̀ ṣúgà. Fún ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta, ṣúgà ẹ̀jẹ̀ àwọn eku náà sún mọ́ bó ṣe yẹ kó wà.

Ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta péré, ara eku sì ni. Ṣùgbọ́n wọ́n ti fi hàn pé sẹ́ẹ̀lì lè gbé inú jẹ́lì òkun kí ó sì máa ṣiṣẹ́.

*6. Bí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ṣe wọ ọ̀rọ̀ náà*

Ẹ ti rí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń tẹ ìwé ìkésíni ìgbéyàwó. Oríṣi kan wà tó jẹ́ pé ńṣe ló ń kán íńkì, ohun tí àwọn àgbà ń pè ní tàdáwà, sórí ìwé ní ẹ̀kán kéékèèké. Ní ọdún 1988, Robert Klebe ní Amẹ́ríkà fi irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ to èròjà tí sẹ́ẹ̀lì lè dì mọ́. Ní nǹkan bí ọdún 2003, Thomas Boland ní Yunifásítì Clemson tún ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ọ́fíìsì ṣe kí ó lè kán sẹ́ẹ̀lì ààyè dípò íńkì.

Ní Japan, Makoto Nakamura ń ṣiṣẹ́ dókítà àwọn ọmọdé. Ohun tó gbàfiyèsí rẹ̀ ni pé ẹ̀kán íńkì inú ẹ̀rọ ìtẹ̀wé àti sẹ́ẹ̀lì ènìyàn kò fi bẹ́ẹ̀ ju ara wọn lọ. Ó fi alginate ṣe íńkì, ó ń kán an sínú omi kálísíọ̀mù, ó sì tẹ ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ tó ní ihò nínú, bí iṣan ẹ̀jẹ̀. Ẹ wò ó dáadáa, ohun tí Stanford rí ní 1881 kọ́ náà nìyẹn?

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é lónìí nìyí. Wọ́n á gba sẹ́ẹ̀lì díẹ̀ lára ènìyàn, wọ́n á sìn ín títí yóò fi pọ̀. Wọ́n á pò ó mọ́ jẹ́lì. Àdàlù yìí ni mò ń pè ní íńkì ẹlẹ́mìí. Ẹ̀rọ á máa tú u jáde bí ẹni fi ike tẹ́ ọ̀ṣọ́ sórí kéèkì ọjọ́ ìbí, ìlà lórí ìlà, títí yóò fi ga sókè bí nǹkan tí wọ́n fẹ́. Wọ́n á wá fi kálísíọ̀mù dì í.

Alginate nìkan kò tó. Ó mọ́ tónítóní jù, sẹ́ẹ̀lì kì í rí ibi dì mú lára rẹ̀, bí ẹni ń gun ọ̀pẹ láìsí igbà. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń pò ó mọ́ jẹlatíìnì tàbí àwọn nǹkan mìíràn. Ẹ ó mọ àwọn nǹkan mìíràn náà. Ọ̀kan wà tí Karl Meyer àti John Palmer kọ́kọ́ yọ láti inú ojú màlúù ní ọdún 1934, tí wọ́n wá rí i lẹ́yìn náà pé ó pọ̀ nínú ogbe orí àkùkọ. Hyaluronic acid ni orúkọ rẹ̀, ó wà nínú oríkèé orúnkún yín náà, ó ń mú un yọ̀. Òmíràn, chitosan, èèpo edé àti akàn tí ẹ ń kó dànù ni wọ́n ti ń rí i. Ìlẹ̀kẹ̀ ṣúgà ni gbogbo wọn.

Ní ọdún 2015, Paul Gatenholm àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Chalmers, ní Sweden, pò okùn tẹ́ẹ́rẹ́ inú igi mọ́ alginate. Igi ń jẹ́ kí íńkì náà dúró gbọnyin bó ṣe ń jáde, alginate sì ń dì í. Wọ́n fi tẹ nǹkan tó rí bí etí ènìyàn. Nígbà tí wọ́n fi sẹ́ẹ̀lì egungun rírọ̀ inú etí àti imú sí irú íńkì yìí, lẹ́yìn ọjọ́ 7, bíi 86 nínú 100 sẹ́ẹ̀lì náà ṣì wà láàyè.

*7. Ibi tí òótọ́ parí sí*

Ìyá wa, ìdáhùn ìbéèrè yín rèé.

Sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan nínú ara wa kò jìnnà sí iṣan ẹ̀jẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ kan. Bí ó bá jìnnà jù ìdámárùn-ún mìlímítà kan lọ, afẹ́fẹ́ kì í dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ tó, yóò kú. Egungun rírọ̀ inú etí lè fara dà á, torí pé kò ní iṣan ẹ̀jẹ̀ nínú láti ilẹ̀ wá. Awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lè gbìyànjú. Ṣùgbọ́n kíndìnrín nípọn, asẹ́ kéékèèké tó wà nínú ẹyọ kan ṣoṣo tó nǹkan bíi mílíọ̀nù 1, iṣan ẹ̀jẹ̀ sì wé mọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Kò tíì sí ẹ̀rọ tó lè tẹ èyí kí ó sì máa sẹ́ ìtọ̀ nínú ènìyàn.

Ní ọdún 2019, àwọn onímọ̀ ní Tel Aviv tẹ ọkàn kan jáde láti inú sẹ́ẹ̀lì ènìyàn. Gbogbo ayé pariwo. Bí ọkàn ehoro ni ó tóbi mọ, sẹ́ẹ̀lì inú rẹ̀ ń sún, ṣùgbọ́n kò lè fọn ẹ̀jẹ̀. Ní ọdún 2022, wọ́n kéde ní Amẹ́ríkà pé wọ́n ti fi etí tí wọ́n tẹ̀ láti inú sẹ́ẹ̀lì ọmọbìnrin ọmọ ogún ọdún kan sí i lára, torí pé etí rẹ̀ kan kò gbó dáadáa láti inú oyún. Ìdánwò lórí ènìyàn díẹ̀ ni, etí ni, íńkì rẹ̀ kì í sì í ṣe ti inú òkun.

Títí di ìgbà tí mo ń kọ èyí, kò sí ẹnì kankan láyé yìí tó ń gbé pẹ̀lú kíndìnrín tí ẹ̀rọ tẹ̀. Ẹni tó bá ní kí ẹ sanwó fún un, owó yín ló fẹ́ gbà.

Ẹ jẹ́ kí ìtàn náà fúnra rẹ̀ kọ́ wa. Láti ìgbà tí Stanford ti rí alginate di ìgbà tí sẹ́ẹ̀lì wọ inú rẹ̀, ọdún 99 ni. Láti ibẹ̀ di etí Sweden, ọdún 35. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Ó ṣeé ṣe kí ọmọ ọmọ yín rí kíndìnrín náà. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tó ń rìn báyìí kì í ránṣẹ́ wá gba owó àsansílẹ̀ lórí fóònù. Ilé ìwòsàn tó bá ń ṣe ìdánwò gidi máa ń fún yín ní ìwé, wọ́n á ṣàlàyé ewu rẹ̀ fún yín, wọn kì í sì í ní kí ẹ ta ilẹ̀.

Mo ti sọ fún ìyá náà pé ohun tó wà fún àbúrò wọn lónìí ni ẹ̀jẹ̀ fífọ̀ àti kíndìnrín láti ara ènìyàn alààyè. A sì ń ṣe iṣẹ́ abẹ bẹ́ẹ̀ ní Nàìjíríà níbí. Bí wọ́n bá máa ta ilẹ̀ rárá, kí ó jẹ́ fún ohun tó wà.

*8. Ohun tí gbogbo wa lè ṣe láti òní*

Fún kíndìnrín:
✅ Ẹ máa wọn ẹ̀jẹ̀ ríru yín, kí ẹ sì máa yẹ ṣúgà wò. Àwọn méjèèjì ló wà lára ohun tó ń ba kíndìnrín jẹ́ jù.
✅ Ẹ má ṣe máa lo oògùn ara ríro lójoojúmọ́ láìjẹ́ pé dókítà ní kí ẹ lò ó.
✅ Ẹ ṣọ́ra fún àgbo tí ẹ kò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀.
✅ Ẹ̀yin obìnrin, ìpara tó ń bó ara lè ní mẹ́kúrì nínú. Mẹ́kúrì ń ba kíndìnrín jẹ́. Àwọ̀ tí Ọlọ́run fún yín dára.

Fún egbò:
✅ Ẹ fi omi tó mọ́ fọ̀ ọ́, kí ẹ sì bò ó. Egbò tó mọ́, tó tutù níwọ̀nba, tí a bò, ló ń tètè jiná.
✅ Bí gọ́ọ̀sì bá lẹ̀ mọ́ egbò, ẹ má fà á ya. Ẹ fi omi tó mọ́ rin ín títí yóò fi tú fúnra rẹ̀.
✅ Bí iná tàbí omi gbígbóná bá jó ènìyàn, ẹ da omi tútù tó ń ṣàn sí i fún 20 ìṣẹ́jú. Ẹ má fi ẹyin sí i, ẹ má fi ọṣẹ ìfọyín sí i, ẹ má fi epo mọ́tò sí i.
✅ Ẹ má tú oògùn kápúsù dà sójú egbò.
✅ Ẹni tó bá ní ìtọ̀ ṣúgà, ẹ máa wo àtẹ́lẹsẹ̀ yín lálaalẹ́. Bí ẹ kò bá lè tẹ̀ ba, kí ọmọ bá yín wò ó.
✅ Egbò tí kò bá fi àmì jíjiná hàn lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ gbé e wá sí ilé ìwòsàn. Ti ẹlẹ́sẹ̀ ìtọ̀ ṣúgà kò gbọ́dọ̀ dúró tó bẹ́ẹ̀, ọjọ́ tí ẹ bá rí i ni kí ẹ wá.

Mo sì mọ̀ pé ẹnì kan yóò ní, "Nọ́ọ̀sì ní ìdílé kan náà ni ilá àti jẹ́lì egbò, ẹ jẹ́ ká fi ilá sí i." Rárá o! Ti ilé ìwòsàn, wọ́n ti wẹ̀ ẹ́ mọ́, wọ́n ti pa gbogbo kòkòrò inú rẹ̀. Ilá yín, inú ọbẹ̀ ni kí ó wà.

Kí n tó dákẹ́, mo bẹ ẹ̀yin ìyá nínú ẹgbẹ́. Nígbà tí ẹ bá tún po ẹ̀kọ tó wá dì, ẹ dárúkọ Fanny Hesse fún àwọn ọmọbìnrin yín. Ẹ sọ fún wọn pé obìnrin kan mọ ohun tó wà nínú ìkòkò òun, ọkọ rẹ̀ bi í léèrè, ó sì dáhùn, èyí ló mú kí a lè máa mọ kòkòrò inú ìtọ̀ àti egbò wọn lónìí. Ohun tí ẹ mọ̀ nínú ilé ìdáná kì í ṣe ohun yẹpẹrẹ. Bí ẹ bá ṣàkíyèsí nǹkan lára aláìsàn yín, ẹ sọ ọ́ fún dókítà. Ẹ má dákẹ́.

Ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ mìíràn, pàápàá sí ilé tí aláìsàn kíndìnrín bá wà, kí ẹni tó ń gba owó àsansílẹ̀ tó dé ibẹ̀. Ẹni tó bá ní ìbéèrè, ẹ fi ohùn ránṣẹ́. Bí mo bá dé láti ibi iṣẹ́, n ó dáhùn.

Ire o. Àlàáfíà ara ni ọrọ̀.
Nọ́ọ̀sì yín.